Àgbà Tó Ṣubú, Ẹ̀yìn Ló Ń Wò: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Tí Ń Múra Sílẹ̀ fún Ìdánwò JAMB



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo yín nínú. Mo mọ̀ pé nígbà tí ìdánwò JAMB bá ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ ìwúrí ni gbogbo ilé ń fẹ́ kí a máa sọ fún àwọn ọmọ, kí a ṣe àdúà fún wọn, kí a sì ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. A ó ṣe àdúà. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà tí ó ti di bárakú láàrin yín, tí àwọn olùkọ́ lẹ́sìn ń tì lẹ́yìn, tí àwa òbí pàápàá ń fi owó wa bọ́, tí n kò sì tíì rí ẹni tí ó dìde láti bá a wí. Ìwà náà ni pé kí ènìyàn jókòó ti ìbéèrè ìdánrawò, kí ó dáhùn wọn, kí ó ka iye tí ó gbà, kí ó sì pa ìwé dé láì yẹ èyí tí ó kùnà wò.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun àsáàrì. Ìgbà kẹta rẹ̀ nìyẹn tí yóò jókòó fún ìdánwò náà. Ó kó ìwé ìbéèrè àtijọ́ dání, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní past questions, mẹ́rin ni wọ́n, gbogbo wọn ni ó sì ti gbó nídìí. Ó ní, "Àáfà, mo ti ṣe ìwọ̀nyí tán pátápátá. Ẹ bá mi ṣe àdúà." Mo gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí i. Lókè ìdánwò ọdún kọ̀ọ̀kan ni ó kọ máàkì rẹ̀ sí: 27 nínú 40, 25, 28, 26. Mo ní, "Ọmọ mi, èwo lo kùnà nínú ti àkọ́kọ́ yìí?" Ó wo ojú ìwé náà títí. Ó ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí àwọn tí ó kùnà lóòótọ́, ó sì ti kọ lẹ́tà ìdáhùn tí ó tọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìdí tí lẹ́tà náà fi tọ̀nà. A jọ ṣí ìwé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè lórí èrè àti àdánù, ó kùnà á ní ọdún àkọ́kọ́. Ó kùnà á ní ọdún kejì. Ó kùnà á ní ọdún karùn-ún àti ìkejọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó fi ṣe iṣẹ́ yìí, láti 25 sí 28 ni ó sì ti ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ẹni tí a so mọ́lẹ̀.

Ta ni ó yẹ kí a bá wí? Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń jí lóru, ó ń kàwé. Ohun tí ó ṣe é ni pé ó rò pé kí a ṣe ìbéèrè púpọ̀ ni à ń pè ní ìmúrasílẹ̀. Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé tí ó ṣubú ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tí ó gbé e ṣubú, kí ó má baà tún kọ ọ́ lẹ́sẹ̀ nígbà tí ó bá ń padà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1978 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ JAMB sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í yan àwọn tí yóò wọ yunifásítì, láti ọdún 2015 ni gbogbo rẹ̀ sì ti di ti orí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Wákàtí méjì péré ni a fún akẹ́kọ̀ọ́ láti dáhùn wọn. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan. Inú ìṣẹ́jú àáyá 40 kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó bóyá iye tí a ra ọjà ni a fi ń pín èrè tàbí iye tí a tà á. Ohun tí kò bá ti yanjú nílé, kò ní yanjú níbẹ̀.

Èyí tí ó tún wá ṣe pàtàkì jù ni pé nígbà tí èsì bá jáde, máàkì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan àti àròpọ̀ wọn nínú 400 nìkan ni wọn yóò fi hàn ọ́. Wọn kò ní sọ fún ọ pé nọ́ńbà 17 ni o kùnà, wọn kò sì ní sọ ohun tí o mú àti ohun tí ó yẹ kí o mú. Ẹni tí ó bá gba 170 lọ́dún yìí, tí ó sì fẹ́ tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ láti inú gbọ̀ngàn ìdánwò tí yóò sọ ibi tí ó ti ṣubú fún un. Ibi kan ṣoṣo tí a ti yọ̀ǹda fún ọ láti rí àṣìṣe rẹ ní ojúkojú ni ìdánrawò tí o ń ṣe nílé. Ìwọ sì ń pa ìwé dé!

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọnù. Lẹ́tà mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ ìbéèrè, láti A dé D, a kò kàn ṣà wọ́n dà síbẹ̀. Ẹni tí ó ṣètò ìbéèrè mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà, ó sì fi ìdáhùn kan dúró dè é níbẹ̀. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: oníṣòwò kan ra ọjà ní náírà 800, ó tà á ní náírà 1,000. Mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? A ní 20, B ní 25, C ní 80, D ní 125. Ẹni tí ó mú 20 kì í ṣe òpè. Ó mọ̀ pé èrè jẹ́ náírà 200, ó mọ bí a ṣe ń pín, ó mọ bí a ṣe ń sọ ọ́ di ìdá ọgọ́rùn-ún. Ohun kan ṣoṣo ni ó fò: ó fi 1,000 pín 200 dípò 800. Bí ó bá kọ B sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó sì kọjá lọ, ohun kan ṣoṣo yẹn ni yóò gbé dé iwájú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ó bi ara rẹ̀ pé kí ló mú mi lọ sí 20, gbogbo ìbéèrè èrè àti àdánù tí yóò tún bá pàdé láyé rẹ̀ ni ó ti yanjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ wo ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kọ ọ́ pé "The principal, together with the teachers, ... arrived." Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò mú "have" dípò "has". Èé ṣe? Nítorí pé Yorùbá ni a fi ń ronú. Nínú èdè tiwa, ọ̀gá ti dé, àwọn olùkọ́ ti dé: "ti dé" náà ni, ì báà ṣe ẹnì kan, ì báà ṣe ẹgbẹ̀rún. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní láti mọ iye ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó mú ọ̀rọ̀ ìṣe, ọ̀gá nìkan ni a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, àwọn olùkọ́ kàn bá a rìn ni. Ẹni tí kò bá yẹ èyí wò yóò máa sọ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì le. Kò le. Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì mọ ibi tí ọ̀nà ti pínyà láàrin rẹ̀ àti èdè ìyá yín.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dájú tí ó sì tún kùnà. Nínú Fíṣíìsì, wọ́n ní ìwọ̀n nǹkan kan jẹ́ gíráàmù 500, eré rẹ̀ sì ń fi 2 m/s² pọ̀ sí i; mélòó ni agbára tí ń tì í? Òfin Newton wà lórí ọmọ náà, ó sọ 500 di ìlọ́po méjì, ó mú 1,000, ó sì lọ. Kò wò ó pé gíráàmù ni wọ́n kọ. Kílógíráàmù ni òfin náà ń fẹ́. Ìdajì kílógíráàmù ni 500 yẹn, nǹkan tí ó yẹ kí ó mú sì ni newton 1. Ẹ ò rí i pé ìwé kíkà kò lè wo èyí sàn? Kí ó tún orí ìwé náà kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìwàǹwára ni yóò tún fi kùnà á. Ohun tí yóò wò ó sàn ni kí ó rí i lójú ara rẹ̀ pé ìgbà mẹ́fà ni òun ti ṣe irú èyí láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ yóò sì kọ́ láti máa wo ìdíwọ̀n kí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sí ìdáhùn.

Àìmọ̀ ní oògùn tirẹ̀, èdè abínibí tí ń fa ni sẹ́yìn ní oògùn tirẹ̀, ìwàǹwára ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ń ka máàkì nìkan kò lè mọ èyí tí ń ṣe òun. Bí òwe wa ti wí, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àmọ́ ohun tí ẹ ń ṣe gan-an nìyẹn, nígbà tí ẹ bá ń tún àwọn tí ẹ ti mọ̀ ṣe nínú ìwé tuntun, tí inú yín ń dùn pé ẹ tún ti gba 27.

Wàyí o, mo gbọ́ àwíjàre yín.

Àwọn kan ní ìbéèrè àtijọ́ máa ń padà wá, nítorí náà kí àwọn sáà há ìdáhùn sórí ti tó. Bí ìbéèrè bá ń padà wá, ṣebí èyí tí o kùnà náà yóò padà wá? Bí wọ́n bá sì wá yí 800 padà sí 1,200, kí ni B tí o há sórí yóò ṣe fún ọ? Lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn olùkọ́ lẹ́sìn ni mo bá wí jù. Mo ti dúró lẹ́nu ọ̀nà irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ dúró níwájú ọmọ ọgọ́ta, ó ń pè é bí ẹni ń pe orúkọ lẹ́nu ibodè: ìkíní A, ìkejì D, ìkẹta D, ìkẹrin B. Àwọn ọmọ ń fa ìlà. Nígbà tí ó pè é tán, ó ní ẹni tí ó bá gba 30 sókè kí ó nawọ́, a pàtẹ́wọ́ fún un, a sì ṣí ọdún mìíràn. Àwọn òbí ń san owó fún èyí o! Àwa òbí pẹ̀lú, bí ọmọ bá ti wọlé, ohun tí a máa ń bi í ni pé, "Mélòó lo gbà?" A kì í bi í pé, "Èwo lo kùnà, kí ló dé tí o fi kùnà á?" Bí ọmọ bá ti mọ̀ pé iye nìkan ni à ń béèrè, iye nìkan ni yóò máa wá. Ọ̀nà tí ó yá jùlọ láti rí iye ni kí ó jí ojú wo ìdáhùn lẹ́yìn ìwé, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta "expo" kò sì jìnnà rárá.

Àwọn mìíràn ní, "Àáfà, ẹ̀rọ ni. Ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2025?" Mo gbọ́. Nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, àjọ JAMB jẹ́wọ́ pé àṣìṣe wà nínú ètò kọ̀ǹpútà wọn ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, àwọn ọmọ 379,997 ni ó sì kàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tí ó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wà nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn, òun kọ́ ni mo ń bá wí. Wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣe tirẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ìlọrin, tí òun náà ń fi ẹ̀rọ Èkó bojú, kí ni kí a ti wí tirẹ̀ sí? Nínú èsì tí àjọ náà kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún náà, ó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ọmọ tí kò gba 200 nínú 400. Ẹ̀rọ kò ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹ sì wo bí a ti ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ṣàṣìṣe. Nígbà tí ariwo pọ̀, àjọ náà padà lọ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, wọ́n rí ibi tí ó ti bàjẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, wọ́n sì ní kí a tún ìdánwò náà ṣe. Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe ní yàrá yín láìsí ẹni tí ń wò yín ni àjọ ìjọba ṣe lójú gbogbo ayé.

Àwọn kan kò tilẹ̀ ní ṣe àwíjàre, wọn yóò kàn lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń fọ hàǹtú fún ìsọ̀yè. Mo ti sọ ti ìyẹn lórí mínbárì tó. Tàdáà kì í sọ gíráàmù di kílógíráàmù.

Àwíjàre tí mo bọ̀wọ̀ fún ni ti ẹni tí ó ní, "Kò sí àkókò." Òótọ́ ni pé ó ń gba àkókò. Bí o bá ṣe odidi ìdánwò ìbéèrè 180, tí o kùnà 70, tí o sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó kù díẹ̀ kí ó tó wákàtí mẹ́fà. N kò tàn yín jẹ. Nítorí náà, ẹ dín iye ìdánwò tí ẹ ń ṣe kù. Ẹni tí ó ṣe ti ọdún márùn-ún tí ó yẹ gbogbo àṣìṣe rẹ̀ wò ti ju ẹni tí ó sáré ṣe ti ogún ọdún lọ. Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ọ̀dọ́ láti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé tí ó pọ̀ lórí tábìlì máa ń fún ènìyàn ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹni tí ó ní ó ń ba òun lọ́kàn jẹ́ láti máa wo àṣìṣe, ẹ jẹ́ kí n bi í: ṣé o lọ sí ilé kéwú? Nígbà tí a wà ní kékeré, tí a jókòó lórí ẹní níwájú àáfà, ta ni ó fọ wàláà rẹ̀ kí ó tó kà á láìsí àṣìṣe? Ibi tí o ti kọsẹ̀ gan-an ni àáfà yóò fi ìka lé. Yóò ní kí o tún un pè, yóò tún ní kí o tún un pè, títí ahọ́n rẹ yóò fi gbà á. Lọ́jọ́ kejì, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń há Al-Kùránì sórí láàrin wa lónìí mọ ohun tí mo ń wí. Wọ́n mọ àwọn ibi tí ààyà méjì ti jọra, tí ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò ti inú súrà kan bọ́ sínú òmíràn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà, wọ́n sì ń tún ibẹ̀ kà ju ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin tí a fi ọ̀nà yìí kọ́ láti kékeré ni ẹ dé iwájú ìwé Bàọ́lọ́jì tí ẹ wá ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò rí irú rẹ̀ rí.

Báyìí ni mo ṣe ń fẹ́ kí ẹ máa ṣe é. Ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, ẹ pè é ní ìwé àṣìṣe. Bí ẹ bá kùnà ìbéèrè kan, ẹ má tíì wo ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe láìsí aago. Bí ẹ bá gbà á nígbà yìí, ìwàǹwára ni ó ṣe yín. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ kò bá gbà á, ẹ wo ìdáhùn, ẹ wá ìdí rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ tàbí lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín kọ ohun tí ó fà yín lọ sí èyí tí ẹ mú. Ní Yorùbá, bí ó bá wù yín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ bo ohun tí ẹ kọ mọ́lẹ̀, kí ẹ tún ìbéèrè náà ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún un ṣe. Èyí tí ẹ bá gbà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fa ìlà lé e. Kí ẹ kàn máa ka ìwé náà kò tó o. Ojú máa ń rò pé òun mọ ohun tí òun ń rí. Ọwọ́ ni kí ẹ fi dán an wò.

Arábìnrin kan nínú wa, tí ó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní ọ̀sán tí ó sì ń kàwé ní alẹ́, ni ó kọ́ èmi fúnra mi ní ohun tí n kò rò. Ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ní fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìwé àṣìṣe rẹ̀ wá, mo rí ìbéèrè kan níbẹ̀ tí ó gbà. Mo ní, "Èyí tọ̀nà, kí ló ń ṣe níbí?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Àáfà, mo kàn mú un ni. N kò mọ̀ ọ́n." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo yín pé ẹni tí ó bá mú ìdáhùn láìmọ̀dí, kí ó fi àmì kékeré sí i nígbà tí ó ń ṣe é lọ́wọ́. Bí ó bá tilẹ̀ tọ̀nà, inú ìwé àṣìṣe ni ó ń lọ.

Kíláàsì wa ti ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsáàrì, kò ní máa ka máàkì mọ́. N kò fẹ́ mọ iye tí ẹnikẹ́ni gbà. Kí kálukú mú ìbéèrè mẹ́ta wá láti inú ìwé àṣìṣe rẹ̀, kí ó dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó mú un ṣìnà. Èmi ni n ó kọ́kọ́ ṣe tèmi, nítorí mo ti jókòó ti ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ọdún kan ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì kùnà mọ́kànlá. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí n ṣe àdúà fún òun lórí ìdánwò yìí, kí ó mú ìwé àṣìṣe rẹ̀ dání wá.